Sákínátù àti Àwọn Fọ́ọ̀mù Brobo Tí Wọ́n Gé Létí

Ọdún 1971 ni wọ́n bí Sákínátù ní àdúgbò Kennedy, ní ìlú Bouaké, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Faransé ṣe ìjọba. Bàbá rẹ̀, Àmọ̀sù, ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó sì ń ránṣọ ní àdúgbò ọjà tí wọ́n ń pè ní Commerce, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan láàárín ẹni tó ń ta aṣọ àti ẹni tó ń ta táyà kẹ̀kẹ́. Ìyá Sákínátù kò pẹ́ láyé, nítorí náà inú ṣọ́ọ̀bù ni ọmọ náà dàgbà sí. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa tú ìgbátí aṣọ tó ti gbó, á máa ṣa bọ́tìnì sí ọ̀nà wọn, funfun sínú agolo kan, dúdú sínú òmíràn. Àmọ̀sù a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ òun kò lè rí ohun tó wọ́ kó má tọ́ ọ.

Ó kọ́ Faransé ní ilé-ìwé, ó kọ́ Dioula lọ́jà, ó sì gbọ́ Baoulé lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé inú àgbàlá kan náà. Yorùbá ni ti ilé. Bí ó bá fi Faransé kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, Àmọ̀sù á ṣe bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́ kọjá.

Ó gba ìwé ẹ̀rí BEPC ní ilé-ìwé girama, ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ń bá agbẹjọ́rò kan ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1994 tí wọ́n já agbára owó sẹ́fà sí ìdajì, agbẹjọ́rò náà ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gba Abidjan lọ. Sákínátù padà sí ṣọ́ọ̀bù. Lákòókò yẹn, àwọn tó máa ń rán aṣọ tuntun ń gbé èyí tó ti ṣá wá, wọ́n ní kí wọ́n yí inú rẹ̀ síta. Ọdún méjì ló fi ń yí aṣọ kí ilé-iṣẹ́ kan ní Commerce tó gbà á.

Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni láti gba fọ́ọ̀mù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ nǹkan sí, yálà ti ilé ìwòsàn tàbí ti ẹgbẹ́ àgbẹ̀, kí wọ́n sì kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin mẹ́fà ló ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún 1998, ọ̀gá wọn, Jonas, ra ẹ̀rọ kan tó ń ya àwòrán ìwé, àti ètò kọ̀ǹpútà kan tó lè ka fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Ìwé àlàyé tó bá a wá nípọn bíi búrẹ́dì. Jonas ṣí i lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á dé. Sákínátù gbé e lọ sílé, ó sì kà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó kà níbẹ̀ kò ṣòro. Kọ̀ǹpútà kò mọ fọ́ọ̀mù. Àwòrán lásán ló ń rí. Ẹni tó ń darí rẹ̀ ni yóò fi fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí hàn án, tí yóò sì sọ fún un pé àpótí orúkọ nìyí, ti ọjọ́ orí nìyí, ti iye ọmọ nìyí, ti ìwọ̀n oko nìyí. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé méjì tó ń gúnlẹ̀ sójú kan náà nínú ẹ̀rọ. Ọ̀kan á yẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, òmíràn á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bíi fìlà ọlọ́jà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ àmì dúdú kékeré onígun mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́ọ̀mù. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ wá àwọn àmì náà, á fi wọ́n tọ́ ìwé, lẹ́yìn náà ni yóò tó wo inú àpótí kankan.

Sákínátù ló tò gbogbo rẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, kò sí ẹlòmíràn ní ilé-iṣẹ́ náà tó mọ ẹ̀rọ náà, wọn kò sì fi orúkọ kankan pe ipò tó wà. Wọ́n kàn ń sọ pé, "Ẹ lọ bá Sákí."

Ní oṣù January ọdún 1999, Jonas pè é sínú yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Màmúsẹ̀lì Sákínátù, jókòó."

"Mo fẹ́ràn ìdúró, Mùsíyé Jonas. Bí ẹ bá ti ní kí ènìyàn jókòó, ọ̀rọ̀ náà kì í dára."

Jonas rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ti lẹ́tà kan sí i lórí tábìlì. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ní Abidjan ló kọ ọ́. Wọ́n ní ó tó àkókò láti fi ènìyàn sí ipò alábòójútó ẹ̀rọ ní tòótọ́, pẹ̀lú ìwé àdéhùn, ó sì yẹ kí ẹni náà jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì lákòókò náà. Rédíò ń sọ ọ́, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́, wọ́n ń pè é ní ivoirité, pé ọmọ onílẹ̀ pọ́ńbélé nìkan ló ni ìlú. Ẹni tí wọ́n jọ ń ra omi lójúlé kan náà fún ogún ọdún ń wo aládùúgbò rẹ̀ lójú báyìí, ó ń bi í níbi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wá.

"Wọ́n ti rí ẹnì kan," ni Jonas wí. "Ó ní dìpúlọ́mù, ó sì ní káàdì ọmọ onílẹ̀."

"Ṣé ó mọ ètò náà?"

"Ó mọ ẹni tó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Nígbà náà, ó ti sún mọ́ ọn."

"Má ṣe yẹ̀yẹ́, Sákí. Màdáàmù Carine ń bọ̀ láti Abidjan lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Òun ló máa fọwọ́ sí ìwé náà. Mo ti sọ fún un pé kò sí fọ́ọ̀mù tí o kò lè mú kí ẹ̀rọ yìí kà. Ó wá ní kí n fi ti Brobo han òun." Jonas tẹ ìka mọ́ lẹ́tà náà. "Bí ẹ̀rọ bá ka ti Brobo níwájú rẹ̀, mo ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Bí kò bá kà á, kí ni kí n wí?"

Ti Brobo, ìlú kékeré kan nítòsí Bouaké, ni ìṣòro. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ olówùú kan ló fún wọn ní iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń dáko àti bí oko rẹ̀ ṣe tó, kí wọ́n tó pín irúgbìn àti ajílẹ̀. Fọ́ọ̀mù àwọn ìlú yòókù ti kọjá wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ti Brobo sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sátidé, kọ̀ǹpútà sọ pé àgbẹ̀ kan bí ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, àti pé ọmọ ọdún méje ni. Àwọn ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Sákínátù náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó gbé ìdì kan nínú àwọn ìwé náà sójú fèrèsé.

Kò sí àmì dúdú ní igun kankan. Wọ́n ti gé etí gbogbo ìwé náà, ó sì mọ́ tónítóní bí ẹni pé abẹ ìfárí ló kọjá lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wá àmì títí, kò rí i, ó sì mú ipa ìka ọwọ́ tó pọ́n fún eruku gẹ́gẹ́ bí àmì. Ibi tí kò yẹ ló fi ṣe igun, gbogbo àpótí sì sún kúrò ní àyè wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sí Brobo lọ́jọ́rú," ni ó wí fún Jonas. "Mo fẹ́ mọ irú ọwọ́ tó gé e."

Gbákà, ọkọ̀ akérò kékeré, ló wọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú. Lójú ọ̀nà, jàndáàmù kan, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, dá wọn dúró, ó ní kí gbogbo wọn mú káàdì jáde. Sákínátù na káàdì ìgbélùú rẹ̀ sí i.

"Anago," ni ọkùnrin náà wí, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ó yí káàdì náà sẹ́yìn sí iwájú. "Kí ni Anago ń wá lọ sí Brobo?"

"Ìwé ni mo ń bá lọ, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní aṣọ rírán, bàbá mi wà ní Commerce. Ṣòkòtò yín yìí ń fẹ́ kí wọ́n dín ìbàdí rẹ̀ kù."

Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Jàndáàmù náà wo ìbàdí ara rẹ̀, ó sì dá káàdì padà. Kò dá ti ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn padà. Ó ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ṣí, ọkùnrin náà dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́ títí wọ́n fi dé Brobo.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Brobo ni bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Konan. Olùkọ́ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lórí tábìlì rẹ̀, rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ, abẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú aláwọ̀ búlúù tó fi ń di ìwé, gbogbo wọn sì kọjú síbi kan náà. Sákínátù fi Baoulé kí i, ó pè é ní Nánà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà níbẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà," ni Konan wí. "Láti Bouaké! Ṣé ẹ gba àwọn fọ́ọ̀mù wa? Ṣé wọ́n mọ́?"

"Wọ́n mọ́, Nánà. A ò rí irú rẹ̀ rí."

Inú bàbá náà dùn. "Ṣé ẹ rí i, bí wọ́n ṣe kó o dé ọ̀dọ̀ mi láti oko kọ́ nìyẹn. Etí rẹ̀ ti ya, eruku pupa wà lára rẹ̀, òmíràn ti rún bí ewé tí ewúrẹ́ tu sílẹ̀. Mo ní, ṣé èyí ni n óò fi ránṣẹ́ sí ìlú ńlá, kí wọ́n máa sọ pé ará Brobo ò mọ̀wé? Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo gé gbogbo etí rẹ̀."

"Àwọn àmì dúdú kékeré tó wà ní igun ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà rí wọn!" Konan fọwọ́ lu tábìlì. "Ìdọ̀tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo bínú sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, mo rí i dájú pé mi ò fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Sákínátù rántí bàbá tirẹ̀, àti ojú tí yóò ṣe bí ẹnì kan bá sọ fún un pé aṣọ tó rán dáadáa náà ló ba ayẹyẹ jẹ́. Ó fa àga mọ́ra, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn àmì náà fún un ní pẹ̀lẹ́. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ Konan kúrò lórí tábìlì, ó bọ́ sórí itan rẹ̀.

"Èmi ni mo fọ́ ojú ẹ̀rọ yín," ni ó wí níkẹyìn.

"Ẹ̀rọ náà ni kò mọ ẹwà, Nánà. Àwọn etí tí ẹ gé kúrò dà?"

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Mo ti fi dáná. Wọ́n jó dáadáa."

"Ó dára náà," ni Sákínátù wí, òun àti ìyá náà sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ Konan kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò tún gbogbo rẹ̀ kọ, ẹgbẹ̀rún méjì, pẹ̀lú ọwọ́ ara òun.

"Kí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tó dé?"

"Mi kì í sùn púpọ̀ mọ́."

"Rárá, Nánà. Ẹ kàn dá mi lóhùn. Báwo lẹ ṣe gé e?"

Ó fi hàn án. Ogún ogún ló ń tò wọ́n jọ, tí ó ń fi rúlà lé wọn, tí ó sì ń fi ojú wọn ibi tí abẹ yóò gbà. Ìdí tí ìdì kan kò fi bá èkejì mu nìyẹn. Ọ̀kan tóbi, èkejì kéré, ẹ̀kẹta dà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ ò fọwọ́ kan inú àtẹ, níbi tí àwọn àpótí wà?"

"Láéláé!" ni bàbá náà wí, ojú rẹ̀ sì tún le bí ti olùkọ́. "Inú àtẹ ni ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wà."

Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ, wọ́n fún un ní iṣu mẹ́ta. Konan sìn ín dé ẹ̀bá ọ̀nà. "Àwọn àgbẹ̀ mi ńkọ́?" ni ó béèrè. "Ṣé wọn ò ní rí irúgbìn gbà nítorí mi?"

"Orúkọ wọn wà nínú ìwé. Èmi ni n óò fi ibẹ̀ han ẹ̀rọ náà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ ọ́n. Nínú ọkọ̀, ó ń ronú pé bí òun bá fi etí ìwé ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kò lè ṣeé ṣe, nítorí etí ìwé kọ̀ọ̀kan ti yàtọ̀ síra.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ kọjá láti gbé iṣu fún un. Àmọ̀sù tẹ́ aṣọ kan tó ní ìlà onígun mẹ́rin sórí tábìlì, aṣọ ilé-ìwé ọmọ ẹnì kan. Ẹni tó tà á lọ́jà ti fi ọwọ́ ya á, etí rẹ̀ sì wọ́ bí ọ̀nà ejò.

"Àyọ̀ká, káàbọ̀," ni Àmọ̀sù wí, ó fi oríkì tó máa ń pè é kí i láìgbé ojú sókè. "Iṣu Brobo nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n láti inú àpò."

"Bàbá, ẹ ò bínú sí ẹni tó ya aṣọ yìí?"

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣé mo ń fi etí aṣọ wọn nǹkan ni?" Ó fi èékánná mú fọ́nrán kan nínú aṣọ náà, ó fà á díẹ̀díẹ̀. Fọ́nrán náà jáde, ó sì fi ojú ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ láti ìhín dé ọ̀hún, ó tọ́ ṣánṣán. "Etí aṣọ máa ń purọ́. Ẹni tó bá rí i ló ń gé e. Ṣùgbọ́n fọ́nrán tí ahunṣọ fi sínú rẹ̀ wà níbi tó fi í sí. Ìwọ náà mọ èyí kí o tó mọ ábídí. Àbí ọ́fíìsì ti jẹ́ kí o gbàgbé?"

Sákínátù ti gbé iṣu kalẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ó dìgbà wo?" ni Àmọ̀sù kígbe tẹ̀lé e. "Ta ló máa se iṣu náà?"

Ní ọ́fíìsì, ó ṣí ojú ewé ìwé àlàyé tó ti kà ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí kò sì lò rí. Ètò náà kò fi dandan lé àmì igun. Ènìyàn lè sọ fún un pé kó wá nǹkan mìíràn tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti fi sínú fọ́ọ̀mù, ìlà tàbí ọ̀rọ̀, kó sì fi ìyẹn tọ́ ìwé. Lábẹ́ àkọlé fọ́ọ̀mù náà, ìlà dúdú kan tó nípọn wà, ó na láti òsì dé ọ̀tún, ní òkè àtẹ. Abẹ Konan kò dé ibẹ̀. Sákínátù nu àmì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú ètò náà, ó fi ìlà yìí rọ́pò wọn, ó sì fún kọ̀ǹpútà láyè púpọ̀ láti wá a, nítorí kò sí ẹni tó mọ ibi tí ìlà náà yóò bọ́ sí lórí ìwé tí wọ́n ti gé. Ó wá tún ìwọ̀n gbogbo àpótí ṣe, kí ó lè jẹ́ láti ara ìlà náà ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe láti etí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fi ogún fọ́ọ̀mù sínú ẹ̀rọ. Orúkọ jáde dáadáa. Ọjọ́ orí jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀ ni àwọn àpótí ń yẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí tí ìwọ̀n oko fi bọ́ sórí ìlà tó pín àtẹ. Ó tún un ṣe, ó tún yẹ̀. Jonas wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

"Mùsíyé Jonas, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fi ẹsẹ̀ yẹn lu ilẹ̀ yàrá yín."

Nígbà tí ó lọ, Sákínátù gbé fọ́ọ̀mù Brobo kan lé fọ́ọ̀mù ti ìlú mìíràn lórí, ó na méjèèjì sí ìmọ́lẹ̀. Ti Brobo kéré díẹ̀. Ó yé e pé fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ ti tán lọ́wọ́ àwọn ará Brobo, wọ́n sì ti lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ níbì kan, ẹ̀rọ ẹ̀dà náà sì ti mú kó sún kì. Ìlà kan lè sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí òkè wà, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún un bí ìsàlẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ó gbá ara rẹ̀ níwájú orí. Ta ni aránṣọ tó máa ń fa fọ́nrán kan ṣoṣo? Bàbá rẹ̀ a máa fa ọ̀kan lóròó, a sì fa ọ̀kan níbùú, kó tó gbé sísọ́ọ̀sì.

Ó fi ìlà tó wà ní òsì àtẹ kún un, èyí tó na láti òkè délẹ̀, ó sì fi ìlà tó pa àtẹ dé nísàlẹ̀ kún un pẹ̀lú. Nísinsìnyí kọ̀ǹpútà lè wọn bí ìwé náà ṣe ga tó àti bí ó ṣe fẹ̀ tó, kó sì na àwòrán rẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ. Nǹkan méjì ló fi kún un. Bí kò bá rí ìlà tó nípọn lókè, kó yí ìwé po, kó wá a nísàlẹ̀. Bí nọ́ńbà kan kò bá sì dá a lójú, kó má ṣe méfò, kó dúró, kó béèrè lọ́wọ́ ènìyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọbìnrin mú ọgọ́rùn-ún fọ́ọ̀mù Brobo, wọ́n fi ojú ara wọn kà á, wọ́n sì fi wé èyí tí kọ̀ǹpútà kà. Nínú gbogbo rẹ̀, wọn kò rí àṣìṣe kan. Àgbẹ̀ tó bí ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta di ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tó bí ọmọ méje.

Màdáàmù Carine dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Jímọ̀ọ̀. Obìnrin tó ga ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n yan fọ́ọ̀mù fún òun. Ó tú òwú búlúù ara ìdì kan fúnra rẹ̀, ó ṣa èyí tó wọ́ jù, èyí tí ipa ìka mẹ́ta wà lára rẹ̀, ó sì fi í sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú orí rẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mí kanlẹ̀.

Àwòrán náà jáde lójú kọ̀ǹpútà ní ìdoríkodò. Ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí po, ó tọ́, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí ni ó dúró sójú àpótí kan.

"Kí ló ṣe é?" ni Màdáàmù Carine béèrè.

"Kò dá a lójú bóyá ẹyọ kan tàbí méje ni ẹni yìí kọ," ni Sákínátù dáhùn. "Èmi ni mo ní kó máa béèrè. Ẹ̀rọ tó mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ pin sí ló ṣeé fọkàn tán. Ẹ wò ó, méje ni."

Màdáàmù Carine fi fọ́ọ̀mù mẹ́wàá mìíràn sínú rẹ̀, ó ń fi ìwé wé ohun tó jáde, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Níbo lẹ ti wá?"

"Kennedy."

"Ṣáájú Kennedy."

"Ṣáájú Kennedy, Màdáàmù, mi ò tíì sí láyé."

Jonas wúkọ́. Màdáàmù Carine tún gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. "Ọkùnrin tí a fẹ́ mú wá láti Abidjan," ni ó wí, "ṣé ẹ lè kọ́ ọ ní èyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan?"

Gbogbo yàrá ló mọ ohun tí ìbéèrè náà túmọ̀ sí. Sákínátù náà mọ̀ ọ́n.

"Mo lè kọ́ ọ, tayọ̀tayọ̀," ni ó wí. "Ọdún kan ni yóò gbà wá. Kó sì wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó má ṣe jókòó sórí àga mi. Ẹgbẹ̀rún méjì àgbẹ̀ ló wà nínú ìdì yìí, mo ti ṣèlérí fún àgbàlagbà kan pé wọn ò ní sọnù."

Màdáàmù Carine kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè fún kálàmù, ó ṣí ìwé àdéhùn tó ti bá a wá láti Abidjan, tí àyè orúkọ rẹ̀ ṣì ṣófo, ó sì tì í sí iwájú Sákínátù. "Ẹ kọ ọ́ dáadáa," ni ó wí. "Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ kankan béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi."

Sákínátù kọ orúkọ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìlú tí wọ́n bí i sí, ó kọ Bouaké. Níbi tí wọ́n ti béèrè orílẹ̀-èdè, ó kọ Nàìjíríà. Màdáàmù Carine kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Àmọ̀sù ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìrun Jímọ̀ọ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ sáré jáde láti sọ fún un.

"Ó dára," ni Àmọ̀sù wí. "Iṣu ṣì wà nílẹ̀."

Ọkùnrin ará Abidjan náà dé ní oṣù March. Ọmọ dáadáa ni, ó sì ń yára kọ́ nǹkan. Ọwọ́ òsì Sákínátù ló jókòó sí.

Nígbà tí ìkórè tún kọjá, ìdì tuntun dé láti Brobo. Òwú búlúù ló dì í. Etí àwọn fọ́ọ̀mù náà ti ya, eruku pupa bò wọ́n, òmíràn ti rún bí ewé, ṣùgbọ́n àmì dúdú pé sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbogbo wọn. Sákínátù rí ìwé pélébé kan tí wọ́n fi há inú ìdì náà, tí wọ́n fi ọwọ́ olùkọ́ kọ, gígùn, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró lórí ìlà rẹ̀:

"Màmúsẹ̀lì, ó ń dùn mí lọ́kàn láti fi wọ́n ránṣẹ́ báyìí. Mi ò gé e."